Béèsì inú yàrá kékeré: àga yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Yàrá tí mo ti ń gbọ́ orin gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3. Mo gbé sípíkà kékeré méjì, tí wúfà wọn (ojú rọ́bọ́tọ́ tó ń gbé béèsì jáde) jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13, sórí tábìlì níwájú ọ̀kan nínú ògiri tó kúrú. Bí mo bá jókòó sórí àga mi láàárín yàrá, béèsì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Bí mo bá wá dìde lọ síbi ìlẹ̀kùn tó wà ní igun, ńṣe ló máa ń dún gbì-gbì-gbì. Lórí àga náà pàápàá, ohùn gìtá béèsì kan á bú jáde, òmíràn á pòórá. Mo ti ń tọ́jú owó láti ra subwoofer ńlá, sípíkà tó wà fún béèsì nìkan. Ṣé òun ni mo nílò, àbí ampilifáyà mi ni agbára rẹ̀ kò tó?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí owó yẹn ṣì wà níbi tó wà. Béèsì tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu ìlẹ̀kùn, sípíkà yín kan náà ló gbé e jáde, ampilifáyà yín kan náà ló sì tì í lẹ́yìn. Ohun tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò lè dé igun yàrá. Béèsì wà, ibi tí ẹ jókòó sí ni kò ti bá yín pàdé. Bí ẹ bá gbé subwoofer ńlá wọ yàrá yìí láì yí ohunkóhun mìíràn padà, ariwo tó pọ̀ sí i lẹ́nu ìlẹ̀kùn ni ẹ máa fi owó yín rà, ihò inú béèsì orí àga yín, ìyẹn ohùn tó ń pòórá níbẹ̀, á sì wà bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í di gbogbo ẹ̀bi ru yàrá, ẹ yẹ wáyà wò ná. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí yín, àmọ́ ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí gan-an ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí wáyà sípíkà kan bá wọlé lódì. Bí wáyà pupa bá wọ ojú dúdú lẹ́yìn ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, nígbà tí wúfà ọ̀tún bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ti òsì á máa fà á sẹ́yìn. Létí ẹni tó jókòó sí àárín àwọn méjèèjì, béèsì wọn á pa ara wọn rẹ́. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri á ṣì máa gbọ́ ọ. Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ gbé sípíkà méjèèjì kojú síra, kí àlàfo àárín wọn má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ fi orin tí béèsì rẹ̀ pọ̀ sí i, kí ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ pa ampilifáyà, ẹ pààrọ̀ wáyà méjì ẹ̀yìn sípíkà kan péré, ẹ tún un tàn. Èyí tí béèsì rẹ̀ bá ki jù nínú ìgbà méjèèjì ló tọ̀nà. Bí ìṣòro bá parí síbẹ̀, ẹ kò nílò èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ mi.

Bí kò bá parí, a jẹ́ pé ìwọ̀n yàrá ló kàn, ó sì yẹ kí ẹ mọ bí béèsì ṣe gùn tó. Nínú afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ níwọ̀n 20°C, ohùn ń rin nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ìyẹn 41 Hz. Ẹ fi 41 pín 343, ẹ ó rí mítà 8 lé díẹ̀. Gígùn ìgbì kan ṣoṣo nìyẹn, yàrá yín kò sì tó ìdajì rẹ̀. Ẹ wá fi wé ohùn tín-ín-rín tó jẹ́ 5,000 Hz, tí ìgbì rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 7. Ìyẹn ráyè rìn káàkiri yàrá, aṣọ fèrèsé àti tìmùtìmù sì lè gbà á mu. Béèsì kò ráyè kankan. Láti nǹkan bí 200 Hz lọ sísàlẹ̀ nínú yàrá tó tó tiyín, ògiri ló ń pinnu ohun tí ẹ máa gbọ́ ju sípíkà lọ, ìdí sì nìyẹn tí sípíkà olówó iyebíye fi lè dún bí ẹni tó ń kùn nínú yàrá kan, kí olówó pọ́ọ́kú dún dáadáa nínú òmíràn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìgbì á lọ kọlu ògiri, á padà, á sì pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí gígùn yàrá bá ti ṣe déédéé pẹ̀lú ìdajì ìgbì, lílọ àti bíbọ̀ á dì mọ́ra, ìgbì náà á sì dúró sójú kan. Ẹ bu omi sínú ọpọ́n gígùn, kí ẹ mi ọpọ́n náà síwá sẹ́yìn: omi á máa lọ sókè sódò létí ọpọ́n méjèèjì, àárín rẹ̀ kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì yìí ṣe lágbára lára ògiri, tí kò sì sí nǹkankan ní àárín. Ìṣirò ibi tó ti máa ṣẹlẹ̀ kò nira. Ẹ sọ gígùn yàrá di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi pín 343. Mítà 4 á fún yín ní 43 Hz, mítà 3 á fún yín ní 57 Hz. Ẹ kò sọ gíga àjà yín, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mítà 2.7, ó tún di 64 Hz.

Ẹ wá wo ibi tí ẹ gbé àga sí. Àárín gígùn, àárín ìbú. Bí ènìyàn bá sì jókòó, etí rẹ̀ kì í ju mítà kan lé díẹ̀ lọ láti ilẹ̀, ìyẹn sì súnmọ́ àárín gíga yàrá pẹ̀lú. Ẹ ti mú ibì kan ṣoṣo tí ìgbì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rọ jù nínú gbogbo yàrá yín, ẹ gbé àga síbẹ̀. Igun tí ìlẹ̀kùn wà ńkọ́? Níbi igun, ògiri méjì pàdé ara wọn àti ilẹ̀ tàbí àjà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lágbára níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbì-gbì-gbì yẹn kì í ṣe béèsì tó dára o. Òun náà jẹ́ àṣejù, bí ti àárín ṣe jẹ́ àìtó.

Èyí sì tún ṣàlàyé ìdí tí ohùn kan fi ń bú jáde tí òmíràn ń pòórá. Ìgbì kejì ti gígùn yàrá, tó jẹ́ 86 Hz, yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́: ó lágbára ní ògiri méjèèjì, ó sì tún lágbára ní àárín. Nítorí náà, bí onígìtá bá tẹ ohùn F ìsàlẹ̀, tó wà ní nǹkan bí 44 Hz, ẹ lè má fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Bí ó bá gòkè lọ tẹ F kejì, ní 87 Hz, ó bú mọ́ yín létí. Onígìtá kò tẹ èkejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìjókòó yín ló ń ṣègbè.

Torí náà, ẹ sún àga. Iye kan wà tí àwọn tó ń ṣe yàrá orin máa ń sọ: kí etí wà ní ìdá 38 nínú 100 gígùn yàrá, láti ògiri iwájú tàbí láti ti ẹ̀yìn. Ní ti yàrá yín, ó jẹ́ nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀. Kì í ṣe òfin, ẹ má gba ìjà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni, torí pé níbẹ̀ ẹ kò sí nínú ihò ìgbì àkọ́kọ́, ẹ kò sì sí lórí òkè ìgbì kejì. Láti ibẹ̀, ẹ máa fa àga síwájú àti sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí orin kan náà máa tún ara rẹ̀ kọ. Ẹ wá èyí tí gìtá béèsì rẹ̀ ń gun àkàsọ̀ ohùn lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe èyí tó ń lu ohùn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibi tí gbogbo ohùn ti dọ́gba jù ni ẹ ń wá, kì í ṣe ibi tí béèsì ti pọ̀ jù. Ohun kan tí mo kìlọ̀ fún yín ni pé kí ẹ má fi orí ti ògiri ẹ̀yìn. Béèsì á pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, á dùn mọ́ yín fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sú yín.

Ní ti ìbú yàrá, ẹ lè dúró sí àárín láìfòyà. Bí sípíkà méjèèjì bá jìnnà bákan náà sí ògiri ọ̀tún àti òsì, tí béèsì kan náà sì ń jáde lára wọn, ìgbì 57 Hz yẹn kò ní rẹ́ni bá a gbéra, torí pé ọ̀tún ń tì í síhìn-ín, òsì ń tì í sọ́hùn-ún. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má gbé sípíkà kan sí igun, kí wọ́n gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nítorí pé ibẹ̀ ló ṣófo.

Ó kan sípíkà fúnra wọn. Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí ẹ fà wọ́n jìnnà sí ògiri. Nínú gbọ̀ngàn, ìmọ̀ràn yẹn dára. Nínú yàrá mítà 4, mi ò fara mọ́ ọn. Béèsì kì í lọ síwájú nìkan, ó ń yí ká àpótí sípíkà lọ sẹ́yìn, ó ń kọlu ògiri, ó sì ń padà wá. Ohùn tí àlàfo tó wà láàárín ògiri àti wúfà bá jẹ́ ìdá mẹ́rin ìgbì rẹ̀, èyí tó padà wá á dé lódì sí èyí tó ń jáde, wọ́n á sì pa ara wọn. Bí àlàfo yẹn bá jẹ́ mítà kan, ihò náà á bọ́ sí 86 Hz, ojú ibi tí ìlù àti gìtá béèsì ń gbé. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, ó ti sá lọ sí nǹkan bí 286 Hz, ibi tí fóòmù tó nípọn lẹ́yìn sípíkà lè ràn yín lọ́wọ́. Láfikún, ògiri tó súnmọ́ lè fi tó 6 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe pọ̀ tó) kún ohùn ìsàlẹ̀, ohun tí wúfà kékeré bíi tiyín sì nílò gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ògiri. Bí ihò afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn àpótí wọn, ẹ fi àyè bí ìbú ọwọ́ sílẹ̀ kó lè mí. Ẹ má sì gbé wọn sí igun, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ tún wọn ọ̀nà wúfà sí ilẹ̀ àti sí ògiri ẹ̀gbẹ́. Bí méjèèjì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75, ihò méjèèjì á bọ́ sójú kan náà ní nǹkan bí 114 Hz, á sì jìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yàtọ̀ síra. Tábìlì ńkọ́? Bí ẹ bá fọwọ́ gbá a tó dún bí ìlù, ẹ wá rọ́bà líle tẹ́ sábẹ́ sípíkà, tàbí kí ẹ gbé wọn lé ìdúró ara wọn.

Ẹ béèrè nípa ampilifáyà. Láti mú ohùn lọ sókè ní 3 dB péré, agbára ampilifáyà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Láti mú un lọ sókè ní 10 dB, ó di ìlọ́po mẹ́wàá. Ihò inú yàrá sì lè jìn ju 10 dB lọ fíìfíì. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí agbára náà rà, kò ní wúlò: bí èyí tó ń jáde bá ti lágbára sí i, èyí tó ń padà láti ara ògiri náà á lágbára sí i ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n á sì tún pa ara wọn. Wúfà yín nìkan ni ìyà máa jẹ. Ìdí kan náà ni mo fi ń sọ pé kí ẹ má fi bọ́tìnì equalizer, èyí tó ń gbé ohùn kan sókè tàbí sílẹ̀, kún ihò láéláé. Òkè ni equalizer lè tún ṣe. Bí 86 Hz bá ń bú jáde, ẹ fi 5 tàbí 6 dB dín in kù níbẹ̀ nìkan, kí ọwọ́ yín má fẹ̀ débi tí ẹ máa gba ti àwọn ohùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu bí béèsì yòókù ṣe ń fara hàn nígbà tí èyí tó ń pariwo bá panu mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ojú ibi tí òkè àti ihò wà, kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Áàpù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Room EQ Wizard kò gba owó lọ́wọ́ yín, ó sì ń ya àwòrán gbogbo rẹ̀ síta. Máìkì ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní UMIK-1 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò pẹ̀lú rẹ̀. Máìkì fóònù kò ṣe é gbára lé fún béèsì, nítorí pé ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò. Bí ẹ kò bá fẹ́ ná nǹkankan, ẹ fi áàpù tó ń gbé ohùn kan ṣoṣo jáde lọ láti 40 dé 120 Hz díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó, kí ẹ sì máa kọ iye tó bá bú jáde àti iye tó bá rì sílẹ̀. Ìwé kan àti bírò kan ti tó.

Fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, àti páálí ẹyin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹra fún wọn. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí yàrá tí wọ́n fi wọ́n bò látòkè délẹ̀. Ohun tí fóòmù ń gbà mu kò ju ohun tí ó nípọn tó lọ. Ìdá mẹ́rin ìgbì 60 Hz ju mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Kí ni sẹ̀ǹtímítà 3 fẹ́ ṣe fún un? Ohùn òkè nìkan ló máa pa, yàrá á sì dákẹ́ lókè nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń hó, ìṣòro béèsì á wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mineral wool, òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí a fi dí igun pẹ̀lú àyè díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lè ṣiṣẹ́ dáadáa láti nǹkan bí 100 Hz lọ sókè. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, agbára rẹ̀ ń dín kù. Bẹ́ẹ̀dì ńlá àti àpótí aṣọ tó kún ń ṣe ìrànlọ́wọ́ díẹ̀. Ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ náà ń jẹ́ kí béèsì rí ibi gbà jáde, torí náà ẹ dán an wò ní ṣíṣí àti ní títì.

Kí a wá sọ òótọ́ nípa wúfà sẹ̀ǹtímítà 13. Lẹ́yìn gbogbo títún-ṣe yìí, kò ní fún yín ní ohun tó kọjá agbára rẹ̀. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì kó tó dé 50 Hz, okùn ìsàlẹ̀ gìtá béèsì sì wà ní 41. Bí ẹ bá ti sún àga, tí ẹ tún sípíkà tò, tí ohùn ti dọ́gba ṣùgbọ́n tí ìsàlẹ̀ pátápátá ṣì ṣófo, ìgbà yẹn ni subwoofer tó kàn. Kì í ṣe èyí ńlá. Èyí tí àpótí rẹ̀ dì pa, tí kò ní ihò afẹ́fẹ́, ni èmi á mú fún yàrá yín. Nísàlẹ̀ ìgbì àkọ́kọ́, 43 Hz tiyín, yàrá kékeré máa ń ti béèsì lẹ́yìn fúnra rẹ̀, pàápàá bí ilẹ̀kùn bá tì. Ohùn àpótí tó dì pa ń lọ sílẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, 12 dB fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí iye Hz bá dín sí ìdajì, nígbà tí ti oníhò ń já wálẹ̀ ní 24 dB lẹ́yìn tó bá kọjá ibi tí wọ́n yí i sí. Èyí tó ń lọ ní pẹ̀lẹ́ ló bá ìrànlọ́wọ́ yàrá mu.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí ṣe pàtàkì ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ẹ gbé subwoofer náà sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi orin oníbéèsì sí i, kí ẹ wá fi ọwọ́ àti orúnkún rìn káàkiri ẹsẹ̀ ògiri, kí etí yín wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹlòmíràn lè fi yín rẹ́rìn-ín. Ibi tí béèsì bá ti dọ́gba jù létí yín ni kí ẹ gbé e sí, nítorí pé ọ̀nà tí ohùn gbà láti àga lọ síbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó máa gbà padà. Bí owó bá tó kékeré méjì, ẹ yan méjì dípò ńlá kan. Todd Welti, onímọ̀ ohùn ní ilé iṣẹ́ Harman, ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí ní 2002, ó sì rí i pé subwoofer méjì ní àárín ògiri méjì tó kojú síra ń mú kí béèsì dọ́gba láti ìjókòó kan sí òmíràn, ó sì tún rí i pé kíkó wọn jọ ju mẹ́rin lọ kò mú èrè gidi kan wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ crossover rẹ̀, ìyẹn ibi tí subwoofer ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sípíkà, láti 80 Hz. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó ṣòro fún etí láti mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí bọ́tìnì tí wọ́n kọ phase sí láti 0 sí 180 nígbà tí ẹlòmíràn bá jókòó sórí àga, kó sọ èyí tí béèsì rẹ̀ ki jù fún yín, ibẹ̀ ni kí ó wà.

Ẹ kò sọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ orin sókè tó. Mo béèrè nítorí pé etí ènìyàn kì í gbọ́ béèsì dáadáa bí ohùn bá rẹlẹ̀. Fletcher àti Munson, àwọn olùwádìí ohùn, ti fi èyí hàn láti 1933. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ ni ẹ máa ń gbọ́, tí ẹ sì ń yí i wálẹ̀, bọ́tìnì loudness ara ampilifáyà wà fún ìyẹn gan-an. Àwọn kan á sọ pé kò bójú mu láti fọwọ́ kàn án. Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá ti yẹ wáyà wò tí ẹ sì ti sún àga, tí ihò kan ṣì kù, ẹ kọ gíga àjà yín ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú iye Hz tó rì sílẹ̀ àti bí etí yín ṣe jìnnà sí ògiri kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú àwọn ìwọ̀n yẹn, a lè mọ ògiri tó ń fà á.